Ọ̀pá Kábíyèsí Lórí Àga Sáńsẹ́lọ̀

Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn tábìlì mi ni gáùn sáńsẹ́lọ̀ ń gbé. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ, wọ́n sì fi okùn wúrà gbá etí rẹ̀ yí ká. Kì í ṣe wúrà gidi o, kí olè má da ara rẹ̀ láàmú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń jáde. Bí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè bá ti ń sún mọ́lé, èmi ni mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Pápá Àjàó kó bá mi rán ibi tó bá ti tú. Télọ̀ yìí a sì bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi mí lọ́dọọdún.

"Ẹ̀gbọ́n, ọba tó ni aṣọ yìí, kí ló ń fi í ṣe gan-an?"

"Ó ń fi í jókòó."

Ó máa ń rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yẹ̀yẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Yábàá níbí, gíwá ló ń ṣe àkóso, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ló ń buwọ́ lu ìnáwó, àwa òṣìṣẹ́ la sì ń sáré kiri títí ẹsẹ̀ wa fi ń wú. Sáńsẹ́lọ̀ ló ga ju gbogbo wa lọ, òun nìkan sì ni kò níṣẹ́ kankan. Yóò dé lọ́jọ́ ayẹyẹ, a óò wọ gáùn fún un, yóò kẹ́yìn gbogbo èèyàn wọ gbọ̀ngàn, yóò jókòó sórí àga tó ga ju tàwọn yòókù lọ. Yóò ka gbólóhùn kan pé pẹ̀lú àṣẹ tó wà lọ́wọ́ òun, òun fi oyè dá àwọn wọ̀nyí lọ́lá. Lẹ́yìn náà, àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé yóò máa gun orí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó parí. Ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Ọba ìlú kan lókè lọ́hùn-ún ni sáńsẹ́lọ̀ wa. Abẹ́ gáùn yẹn nìkan ni èèyàn ti lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní ààfin rẹ̀, ta ló jẹ́ na ọwọ́ sí i?

Ọwọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fẹ́. Ó ti ń fẹ́ ẹ láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbà á láyè láti sáré gun àtẹ̀gùn.

Ní pálọ̀ ilé bàbá wa ní Sùúrùlérè, fọ́tò kan wà lára ògiri. Bàbá wa ló wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ó tẹrí ba díẹ̀ nínú gáùn tó gùn jù ú lọ, sáńsẹ́lọ̀ ayé ìgbà náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti dàgbà kó tó kàwé gboyè, láyé ìgbà tí àwọn tó ń gboyè ò tíì pọ̀, tí sáńsẹ́lọ̀ ṣì ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. Àwa ọmọ rẹ̀ wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà, à ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò tọ́. Nígbà tó gbé fọ́tò yẹn kọ́, ó kan ìṣó kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Tìẹ nìyí."

Mo béèrè ìṣó tèmi. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ parí iṣẹ́ ìṣirò mi.

Bàbá ti lọ tipẹ́. Ìṣó yẹn ò lọ. Bí àlejò bá fi fìlà kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi á dìde, á yọ fìlà náà, á gbé e lé orí tábìlì. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ó gba oyè kìíní, ó gba ìkejì, ṣùgbọ́n nígbà méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pe gbogbo wọn pọ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n dìde níbi tí wọ́n jókòó sí kí wọ́n sì tún jókòó. Kò sí ọwọ́ nínú ìyẹn. Oyè ọ̀mọ̀wé nìkan ló ní ọwọ́ nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Ìyanṣẹ́lódì dé, ó lọ, ó tún dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ sí òkè òkun. Èyí tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ níwájú pátákó ìkọ̀wé, irun rẹ̀ funfun nínú láíbìrì. Nígbà tí wọ́n wá fọwọ́ sí i pé ó ti yege, ó pè mí lórí fóònù. Mo rò pé yóò kígbe ayọ̀.

"Ó ti parí o," ló wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ kí i. Ó ń fi ìpara gbígbóná ra orúnkún, gbogbo pálọ̀ ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ wà lára fọ́tò Bàbá.

"Ìwọ aláṣọ ọba," ó ní, "níbo ni wọ́n ti rí iṣẹ́ yìí, tí èèyàn ò ní ṣe nǹkan kan tí gbogbo ayé á máa dìde fún un?"

"Àǹtí mi, iṣẹ́ géètì ni."

"Lọ́nà wo?"

Mo wá tú u fún un. Mo sọ fún un pé ní Róòmù àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ sáńsẹ́lọ̀ yẹn pè, ìdí ọgbà tó pààlà sáàárín adájọ́ àti èrò ló máa ń dúró sí. Olùṣọ́nà lásán ni. Nígbà tó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó di akọ̀wé. Nígbà tó pẹ́ nídìí ìwé, àwọn ọba àti bíṣọ́ọ̀bù fi òǹtẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ṣe wá ń dìde ní Yúróòpù, ẹni tó di òǹtẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù mú ló ń fún ọ̀mọ̀wé láṣẹ kó máa kọ́ni, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn oyè tí ọba wa ń kà ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ipò náà fún àwọn ọlọ́lá, kí wọ́n lè máa bá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ rere létí ọba. Àwọn ọlọ́lá yìí ò ráyè. Wọ́n fi igbákejì síbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Igbákejì yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ títí di òní, òun ni àwa ń pè ní gíwá.

"Igbákejì tí kì í rí ọ̀gá rẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Àwọn òyìnbó kó gbogbo rẹ̀ wá síbí, tòun ti gáùn tí wọ́n rán nítorí òtútù. Àwọn òṣèlú ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ níbí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e fún àwọn ọba. Wọ́n rò ó pé ìjókòó tó lọ́lá tí kò níṣẹ́, a kúkú ní àwọn tó ti mọ̀ ọ́n jókòó tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì da ìdérí lé ìpara náà.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀, sáńsẹ́lọ̀ kì í wá?"

"Ó máa ń rán èèyàn."

"Tèmi á wá," ó wí.

Nígbà tí a ń fi ayẹyẹ náà dánra wò, èmi ni mo dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun. Mo kìlọ̀ fún wọn bí mo ṣe máa ń kìlọ̀. Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, sáńsẹ́lọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọba. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ gba ọwọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa ọkùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí fìlà onígun rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì gíwá, tí gíwá fúnra rẹ̀ sì rá wọ ibẹ̀ lọ mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sókè láàárín wọn.

"Ọ̀gá, tí orúnkún bá ṣe é fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mà, ẹ bá mi sọ fún orúnkún yín pé yunifásítì lófin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti ń yá gágá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ọ̀rọ̀ yìí á rọrùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, mo ti na gáùn sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ààfin wọlé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Olóyè àgbà kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì. Ó gbé nǹkan gígùn kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Kò sí ẹlòmíràn nínú mọ́tò náà.

Rẹ́jísírà wa, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè láéláé, jáde lọ pàdé rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Kábíyèsí dà?"

"Kábíyèsí ti dé." Ó ṣí aṣọ náà. Ọ̀pá àṣẹ ni, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ wé e láti òkè délẹ̀.

"Kábíyèsí gan-an ni mò ń béèrè, sà."

"Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Dókítà ní kí wọ́n má rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dé."

Ẹni tó bá gbé nílùú tí ọba wà rí á mọ ohun tó ń sọ. Ibi tí ọba ò bá lè dé, ó máa ń rán ọ̀pá rẹ̀, bí ọ̀pá náà bá sì ti wọlé, àwọn èèyàn á dìde, wọ́n á kí i bí ẹni pé òun gan-an ló wọlé. Ó mọ́gbọ́n dání ní ààfin. Níwájú rẹ́jísírà, ìyọnu ni.

"Bàbá, òfin wa ni pé tí sáńsẹ́lọ̀ ò bá sí, alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni yóò dúró fún wọn. Ọba ló ni ọ̀pá. Sáńsẹ́lọ̀ la pè."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ọba kúrò lára sáńsẹ́lọ̀, kí n wo bí ẹ ṣe máa ṣe é."

"A ní ọ̀pá àṣẹ tiwa náà, sà. Ọ̀pá yunifásítì."

"Ta ló rán an wá?"

Rẹ́jísírà wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Oòrùn ti ń mú, èrò ti ń kún gbọ̀ngàn, mi ò sì tíì jókòó láti ìdájí. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí àga. Ẹnikẹ́ni ò kúkú ní jókòó síbẹ̀."

"Kò sí nínú ètò."

"Àga òfìfo náà ò sí nínú ètò, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, tí olóyè bá máa jókòó sẹ́yìn àga náà, tí kò sì ní sọ̀rọ̀ kankan.

"Ọ̀pá kì í sọ̀rọ̀," ni olóyè wí. "Èmi ni mò ń bá a sọ ọ́." Rẹ́jísírà ti ń lọ ní tiẹ̀. Mi ò rò pé ó gbọ́.

Mo tẹ́ gáùn náà sórí àga sáńsẹ́lọ̀, olóyè sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá lé e. Lẹ́yìn náà, mo lọ síbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun ti ń múra. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọṣọ tán pátápátá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má baà rẹ orúnkún kó tó gòkè.

"Àǹtí mi, Kábíyèsí ò lè wá."

"Má fi mí ṣeré láàárọ̀ yìí."

"Eré kọ́. Ara wọn ò yá. Alága ìgbìmọ̀ ni yóò bọ̀ yín lọ́wọ́."

"Bàbá tó ń ta sìmẹ́ńtì yẹn?"

"Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà onígun kúrò lórí, ó gbé e lé itan.

"Màá dúró de ọdún tó ń bọ̀."

"Wọn ò ní pe orúkọ yín lọ́dún tó ń bọ̀, Àǹtí mi. Ẹni tí wọ́n bá pè lónìí tí kò bá gòkè, ojú fèrèsé ọ́fíìsì ni yóò ti lọ gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Màá gbà á lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti gba gbogbo nǹkan yòókù."

"Ìṣó ńkọ́?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ ló dùn mí pé mo sọ ọ́. Ó yí ojú síta. Lóde, àwọn òbí ń ya fọ́tò lábẹ́ igi, ọmọ kan ń sunkún nítorí bàtà tuntun.

"Nítorí ọwọ́ sáńsẹ́lọ̀ ni Bàbá ṣe kan ìṣó yẹn," ó wí. "Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé o mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó? Èyí tó kù yìí ì bá mà jẹ́ bí mo ṣe rò ó."

Mo sọ fún un pé wọ́n gbé ọ̀pá Kábíyèsí wá.

"Ọ̀pá ni kí n bọ̀ lọ́wọ́?"

"Ọ̀pá ò lọ́wọ́."

"Ìwọ náà mọ̀."

Wọ́n ń pè mí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Kí ni ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀?"

"Gáùn wọn."

Fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀ nígbà tí mo jáde.

Wọ́n tò wọ gbọ̀ngàn, ọ̀pá yunifásítì níwájú, kò sí sáńsẹ́lọ̀ lẹ́yìn. Alága ìgbìmọ̀ ka gbólóhùn náà, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Èmi dúró nídìí àtẹ̀gùn pèpéle, mò ń to àwọn ọ̀mọ̀wé bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí láàárín wọn. Wọ́n pe ẹni kìíní, wọ́n pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo wo ẹnu ọ̀nà títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa dé pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ Àìkú, tí màá wo ògiri.

Ó ku ẹni kan kó kàn án nígbà tí mo gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń wọ́lẹ̀. Fìlà rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wojú mi. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti pe orúkọ rẹ̀ tán kó tó dé òkè.

Alága na ọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí alága, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ó lọ tààrà síwájú àga, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Kábíyèsí o," ó wí.

Ọwọ́ alága ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ kó lè dìde, tí kò lè dìde, tó tún tẹ̀ ẹ́. Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn nígbà tí olóyè tó jókòó sẹ́yìn àga náà nà ró.

"Kábíyèsí ní ẹ kú iṣẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìdí gbọ̀ngàn láìsí makirofóònù. "Wọ́n ní ẹ kú ìforítì. Wọ́n ní kí ẹ dìde, orúnkún kò jẹ́ kí àwọn náà wá."

Ó fún un ní apá rẹ̀, ó fà á sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tutù fún omijé. Ó wá yí padà, ó bọ alága lọ́wọ́ dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e rò pé ètò ti yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àga. Obìnrin tó tẹ̀ lé ìyẹn kúnlẹ̀. Ọkùnrin Íbò kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá dọ̀bálẹ̀ ju ọmọ Yorùbá lọ. Ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tí mo kọ́ wọn. Olóyè sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Kábíyèsí ní báyìí, Kábíyèsí ní bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti ń dúró de iṣẹ́ yìí láti ilé. Alága kó ọwọ́ rẹ̀ sápò, ó ń mú un jáde bó bá yá. A pẹ́ níbẹ̀ débi pé jẹnẹrétọ̀ kú.

Rẹ́jísírà sún mọ́ mi nínú òkùnkùn ráńpẹ́ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni obìnrin yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá olóyè yẹn ò mà burú."

Mo gbé gáùn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, olóyè pè mí láti ààfin. Ó ní òun ti ròyìn gbogbo bó ṣe lọ, Kábíyèsí sì ní kí òun béèrè obìnrin tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ṣé orúnkún rẹ̀ ti dára? Mo ní kó dúró lórí fóònù. Mo wà ní Sùúrùlérè nígbà náà, mo sì na fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbà á, ó dìde, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdúró: "Ẹ bá mi kí wọn, sà. Ẹ ní mo ní ó ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní tiwọn ńkọ́?"

Fọ́tò tí wọ́n ya ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ ayẹyẹ náà ò dára. Ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ bọ̀ ni olùyàwòrán ń ṣọ́, òun náà ló sì rí yà: ọwọ́ alága tó nà sí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀pá tó ń dán lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní fọ́tò yẹn náà ni kí n bá òun gbé kọ́.

Bí mo ṣe fọwọ́ kan ìṣó tí Bàbá kàn fún un, ó dá mọ́ mi lọ́wọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Mo kan tuntun sójú ibẹ̀, mo gbé fọ́tò lé e. Ìṣó kan kù lọ́wọ́ mi, mo bá kan ìyẹn náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ta ló ni ìyẹn?" ó béèrè láti orí àga.

"Èmi ni, Àǹtí mi."

"Yọ ọ́," ó wí. "Kọ́kọ́ lọ parí iṣẹ́ ìṣirò ẹ."